Àwo Orin àti Àlẹ̀mógiri: Ohun tí Olólùfẹ́ Orin ń Kó Jọ láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Eleko

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí yóò yẹ̀ wò ni ìdí tí àwọn olólùfẹ́ orin Yorùbá fi ń kó àwo orin jọ, tí wọ́n sì ń pa á mọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ ti ṣọ̀wọ́n, àti ìdí tí wọn kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé àlẹ̀mógiri tí a fi ń kéde òde orin. Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ilé tí àwo wọ̀nyí wà ń tú ká. Àwọn tí ó rà wọ́n ti darúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú. Àwọn ọmọ ń kó láti Ìsàlẹ̀ Èkó, Mushin àti Súrùlérè lọ sí ilé tuntun ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, láti Ajah títí dé Eleko létí òkun. Nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù, wọn a bi ara wọn léèrè ohun tí wọn yóò fi àpótí àwo bàbá ṣe. Ìdáhùn wọn dúró lórí ohun tí wọ́n bá gbà pé ó wà nínú àpótí náà.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ìfẹ́ orin ló ń mú ènìyàn kó àwo jọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ orin nìkan ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà àwo tipẹ́. Láàárín 1980 sí 1990 ni kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà mọ́ àwo lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn 1990 tí títẹ àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin pátápátá. Lónìí, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ orin. Bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ orin nìkan ni, àpótí àwo ì bá ti dé orí ààtàn láti ọjọ́ yìí. Nínú àròkọ kan tí Walter Benjamin, òǹkọ̀wé ará Jámánì, kọ ní 1931 nípa àwọn ìwé tí ó kó jọ, èrò rẹ̀ ni pé àkójọ a máa pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá pàdánù olówó rẹ̀. Èrò yìí lè bá àkójọ ìwé mu. Ní ti àwo orin Yorùbá, ó yẹ kí a rọra gbà á, nítorí kì í ṣe ẹni tí ó fi owó ra àwo nìkan ni ó ni ohun kan nínú rẹ̀.

Orúkọ inú àwo

Ewì alohùn tí ó bọ́ sínú ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí oríkì ń ṣe ní ààfin, ní ojúde àti níbi òkú ni àwọn olórin sákárà, àpàlà, wákà àti jùjú gbé wọ inú àwo. Nínú ìwé tí Karin Barber gbé jáde ní 1991 lórí oríkì ní ìlú Òkukù, ó fi hàn bí oríkì ṣe ń mú àwọn tí ó ti lọ wá sí àárín àwọn tí ó wà. Ohun tí àwo fi kún iṣẹ́ yìí ni pé ohùn náà kò dúró de ẹni tí yóò kì í mọ́.

Ìtàn àwo fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti sọ ní ṣókí. Ní 1922, Reverend J. J. Ransome-Kuti kọ orin ẹ̀sìn 43 sínú àwo ní London fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Túndé King kọ orin jùjú fún Parlophone ní 1936, Àyìndé Bákàrè sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HMV ní 1937. Àwo ìgbà náà ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú rẹ̀ kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, yóò fọ́ gẹ́gẹ́ bí àwo ìjẹun ti ń fọ́. Olórin tí ó ní ìṣẹ́jú 3 péré ní láti ṣa orúkọ tí yóò pè. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, Ebenezer Obey àti Sunny Adé sọ odindi ojú kan di orin tí kò dáwọ́ dúró, bí ó ti ń rí ní òde àríyá gan-an. Ààyè wá gba oníṣòwò, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ aláfẹ́, àti ìyàwó àti ọmọ olúkúlùkù wọn.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí a dúró tì. Ní 1948, Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe àwo fún HMV láti fi yin Ọba Adéboyè, Orímolúṣì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ní 1955, lẹ́yìn tí ọba náà ti wàjà, a tún orin náà gbé jáde. Ìgbà yìí ni ó tà, òun gan-an ni ó sì sọ Hárúnà di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. A lè sọ pé owó kòkó ti mú kí gíramafóònù pọ̀ sí i láàárín ọdún méje náà, ọ̀rọ̀ sì wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó kòkó nìkan kò lè ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ orin yìí gan-an ni àwọn ènìyàn ń wá. Ẹni tí a ń yìn kò yí padà. Ipò rẹ̀ ni ó yí. Nígbà tí ọba wà lórí oyè, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ oríkì rẹ̀ mọ ọ̀nà ààfin. Lẹ́yìn tí ó wàjà, àwo di ibì kan tí a ti lè bá orúkọ rẹ̀ pàdé nígbàkígbà, nínú ilé ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ìjẹ̀bú-Igbó rí. Nígbà tí Hárúnà àti I. K. Dáíró dá ilé iṣẹ́ Star sílẹ̀ ní 1969 láti máa gbé àwo tiwọn jáde, ọjà tí wọ́n ń tà ti yé wọn dáadáa.

Kì í ṣe ọba nìkan ni a ń pa mọ́ báyìí. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn àwo Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà tí ó kú ní 1978, yóò rí i pé orúkọ ènìyàn ni àkọlé púpọ̀ nínú orin rẹ̀. Ẹni tí a dárúkọ lè má jẹ́ olókìkí kọjá àdúgbò rẹ̀ rárá. Nítorí náà ni àwo kan ṣoṣo fi lè wà nínú ilé tí kò sí ẹ̀rọ tí yóò lù ú, tí a fi aṣọ wé, tí a sì tò mọ́ ìwé ilẹ̀ àti àwòrán ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé olólùfẹ́ orin kò ṣìnà, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀.

Àwọn àwo mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n dì mú. Nígbà tí Nàìjíríà pa owó pọ́n-ùn tì ní 1973, tí náírà dé, Àyìnlá Ọmọwúrà kọ orin lórí owó tuntun náà. Nígbà tí a pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed ní oṣù kejì ọdún 1976, Sàláwà Àbẹ̀ní gbé àwo wákà jáde lórí ikú rẹ̀ ní ọdún náà gan-an, ó sì tà púpọ̀. Ẹni tí ó pa irú àwo bẹ́ẹ̀ mọ́ ń ṣe ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe nígbà tí ó bá gé ìwé ìròyìn pa mọ́.

Páálí náà kò ṣe é yọ sẹ́yìn. Orí rẹ̀ ni àwòrán olórin, orúkọ àwọn tí ó lu ìlù, àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wà. Ẹni tí ó mọ̀ nípa àwo kò ní bi ọ́ pé orin wo ni o ní. DWAPS ti Decca tàbí SALPS ti Sunny Adé ni yóò kọ́kọ́ wò, nítorí nọ́ńbà yẹn ni yóò sọ èyí tí ó ṣáájú èyí. Ní ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, páálí ń bá orin du ipò. Ghariokwu Lemi ni ó ya àwòrán sára 26 nínú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Alagbon Close ní 1974. Lára páálí Coffin for Head of State, tí ó jáde ní 1981, gígé ìwé ìròyìn ni a tò jọ nípa pósí tí Fẹlá gbé lọ sí Dodan Barracks, lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ní 1978. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin yìí lórí fóònù gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹni tí ó ní páálí rẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Àlẹ̀mógiri tí a kò tọ́jú

Ní ìlú Paris lẹ́yìn 1890, ìfẹ́ àlẹ̀mógiri gba àwọn kan lọ́kàn débi pé wọ́n ń lọ ṣí i kúrò lára ògiri nígbà tí àtè rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ní San Francisco, láti 1966, àwọn èyí tí Wes Wilson yà fún òde orin tí Bill Graham ń ṣe ní Fillmore di ohun àkójọ láìpẹ́ sí ìgbà tí a tẹ̀ wọ́n. Èkó náà ní àlẹ̀mógiri púpọ̀, ti olórin àti ti eléré orí ìtàgé bíi ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé. Díẹ̀ ni ó kù. Òjò, oòrùn àti àlẹ̀mógiri ẹlòmíràn tí a lẹ̀ lé e lórí kó ipa tiwọn. Láti 2006 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ti dá LASAA sílẹ̀, àjọ náà a máa ya èyí tí a lẹ̀ láìgba àṣẹ.

Bẹ́ẹ̀, ìyà òjò kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí òjò ń rọ̀ ní Paris pẹ̀lú. Àlẹ̀mógiri kò dárúkọ ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí olórin, ibi tí yóò ti ṣeré àti ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá ti kọjá, kò sí ohun tí ó kù fún ìdílé kan láti mú nínú rẹ̀. Ohun tí ó gba ipò rẹ̀ lára ògiri iyàrá àlejò Yorùbá ni kàlẹ́ńdà tí ẹgbẹ́, ìjọ tàbí ìdílé tẹ̀, tí àwòrán ọmọ ẹgbẹ́ kún orí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lábẹ́. Ọdún rẹ̀ lè ti kọjá ní ogún ọdún, a kì í já a. Àlẹ̀mógiri òde òní, tí ó jẹ́ pé láti fóònù sí fóònù ni ó ń lọ tí kì í lẹ̀ mọ́ ògiri kankan, tilẹ̀ tún yára parẹ́ ju ti àtijọ́ lọ.

Òǹwòye méjì, àpótí kan

Láti nǹkan bí 2000 ni àwọn oníṣòwò àwo láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń wá àwo àtijọ́ kiri ní Èkó, Cotonou àti Lomé. Analog Africa láti Jámánì gbé African Scream Contest jáde ní 2008 láti inú orin Benin àti Togo. Luaka Bop láti New York tún orin William Onyeabor gbé jáde ní 2013. Kò tọ́ láti pe gbogbo wọn ní olè gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe. Púpọ̀ nínú wọn wá olórin rí, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni òṣùwọ̀n wọn. Orin tí ó fara jọ fọ́ǹkì àti sóòlù ni wọ́n ń wá, àwo tí a tẹ̀ ní ìwọ̀nba sì ni owó rẹ̀ ga jù. Àwo sákárà tí a tẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ kò ní owó lórí lọ́dọ̀ wọn.

Nítorí èyí, nígbà tí oníṣòwò bá ṣí àpótí ẹni tí ó kú, yóò mú márùn-ún, yóò sì fi ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Àwọn ọmọ yóò gbà pé èyí tí ó kù kò níye lórí, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ gan-an ni orúkọ bàbá wọn lè wà. Ní Ìkòyí, ilé ìtajà Jazzhole, tí Kúnlé Tẹ́júoṣó dá sílẹ̀ ní 1991, wà lára ibi díẹ̀ ní Èkó tí a ti ń ta ìwé àti àwo pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà kì í ṣe ilé ìpamọ́, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti di ẹrù yẹn lé e lórí.

Àwo tí ó bá sì dé Eleko ní ọ̀tá mìíràn níbẹ̀. Oòrùn ojú fèrèsé lè tẹ àwo lójú ọjọ́ kan, kí abẹ́rẹ́ má lè jókòó lórí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rinrin láti òkun àti ọ̀sà kì í pa àwo fúnra rẹ̀, páálí ni ó ń bá jà: èèbu a kọ́kọ́ mú ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí a kọ orúkọ sí. Ìdúró ni àwo ń dúró, kì í sùn lé ara wọn. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tàbí ògiri tí ó ń sun omi. Ẹni tí ó bá da ohùn inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ti ṣe ìdajì iṣẹ́, kí ó ya àwòrán páálí ní iwájú àti ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ní Guinea, láàárín 2008 sí 2013, ètò kan tí British Library ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ da ohun tí ó lé ní orin 9,000 láti ilé iṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè náà sínú kọ̀ǹpútà. A rí orúkọ olórin àti àkọlé kọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti àwo Yorùbá, àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní tó. Olórin yóò pe orúkọ kan, yóò fi ti ìyàwó rẹ̀ àti ti agboolé rẹ̀ tì í, yóò sì kọjá lọ sórí ẹlòmíràn, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó wà lóde ọjọ́ náà mọ ẹni tí ó ń bá wí. Ẹ̀rọ gba orúkọ náà sílẹ̀. Kò gba ìmọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni ó kù sí, àwọn tí ó lè gbọ́ àwo kan kí wọ́n sọ pé ìyá oníṣòwò aṣọ yẹn ni, ilé rẹ̀ kọjú sí mọ́sálásí, ọmọ rẹ̀ kejì ni ó lọ sí Kútọnu tí kò padà wá.