Bàbá Wà ní Dei-Dei, Ìyá Wà n'Íbàdàn: Ta Ló Ń Tọ́ Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ dá a sílẹ̀ nípàdé. Tí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀ nílé, àwọn àgbà wà nítòsí. Ìyá àgbà á gba ọmọ, ẹ̀gbọ́n bàbá á pe ìyá ọmọ sí kọ̀rọ̀. Ní Dei-Dei níbí ńkọ́? Bàbá wà nínú ọjà ohun èlò ìkọ́lé láti àárọ̀ dé alẹ́, ìyá ti wọ mọ́tò ní Zuba, ó ti kó ọmọ lọ sílé. Orí fóònù ni ìjà kù sí. Kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti bú ara wọn lórí WhatsApp dé ibi pé wọn ò gbé ìpè ara wọn mọ́.

Lókè òkun, iṣẹ́ làwọn kan ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Florida l'Amẹ́ríkà, òfin ní kí àwọn òbí tó ń kọ ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì lọ́mọ kékeré, gba ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin ó kéré tán. Àwọn mìíràn máa ń wá olùtọ́sọ́nà fúnra wọn. Olùtọ́sọ́nà yìí kì í ṣe adájọ́, kì í ṣe lọ́yà, kò sì wá láti dá aya padà sílé ọkọ. Ibẹ̀ gan-an làwa máa ń ṣì í. A óò ní "ẹ padà nítorí ọmọ", tí wọ́n bá kọ̀, a óò bínú dìde, a óò fi ọmọ sílẹ̀ síbẹ̀. Àwa náà ti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ síwájú gbogbo ẹgbẹ́ rí. Ojú ti àwọn méjèèjì, ọ̀kan ò sì wá sípàdé mọ́.

Kí ni olùtọ́sọ́nà ń ṣe gan-an? Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kọ́kọ́ ń tún ṣe. Ìyá kọ̀wé pé: "Ṣé o ti gbàgbé pé o bímọ ni?" Èsì tó máa gbà, èébú ni. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ báyìí: "Owó ilé ìwé ọmọ wa jẹ́ 45,000 náírà, wọ́n fẹ́ gbà á kó tó di ọjọ́ Ajé." Èyí ṣeé dáhùn. Kí bàbá san án tààrà sí àkáǹtì ilé ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ná an. Kí wọ́n mú wákàtí kan tí bàbá á máa pe ọmọ, bíi alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Tọ́lidé bá dé, kí wọ́n ti mọ ẹni tó máa sanwó ọkọ̀ àti ẹni tó máa dúró de ọmọ ní gáréèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ pé "sọ fún bàbá ẹ pé...". Ẹ má sì bi í pé ta ló ń sùn nílé ìyá ẹ̀.

Àwọn kan á ní Yorùbá gbà pé bàbá ló lọ́mọ. Tó bá dé kóòtù l'Ábújá, ìyẹn nìkan kò tó. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003 ní ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, òfin ìgbéyàwó ti 1970 sì sọ bákan náà fún àwọn tó ṣe ti kóòtù.

Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń lu ara wọn, ẹ má pe ẹni méjì jókòó pọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà nìyẹn. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá, ti ọdún 2015, ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, NAPTIP ló sì ń mú un ṣẹ. Òfin yẹn kan náà ka kéèyàn pa ọmọ tì láìsí ohun tí wọ́n máa jẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Tí kò bá sí ìyẹn, ẹgbẹ́ lè yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí kò bá ẹnìkankan nínú wọn tan, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ní kọ̀rọ̀. Ohun kan tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Bàbá sábà máa ń fi wọ́n pamọ́ sí Dei-Dei, ìyá á wá máa sáré kiri n'Íbàdàn nígbà tí ilé ìwé tuntun bá ní kó mú wọn wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe fótókópì, kí tọ̀tún-tòsì ní tiẹ̀ lọ́wọ́.