Kí Ẹ Tó Gbé Táyà Ńlá Sábẹ́ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ wá bá èmi fọkanáísà ní Ṣómólú, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń ṣe, bébà ni wọ́n sì fi ń kó. Bí òjò bá rọ̀, tí omi gba títì lápá Ìlàjẹ ní Bàrígà, abẹ́ ọkọ̀ á máa há sí kòtò. Wọn á ní kí n bá àwọn gbé táyà tó ga sí i sábẹ́ Hilux. Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ara táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. 195R14C wọ́pọ̀ lára Hilux àtijọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń tì. Táyà akẹ́rù ni. Ẹ máa rí 106 lára rẹ̀: ẹyọ kan lè gbé kílò 950, tí a bá fẹ́ ẹ dé 65 lójú géèjì. Ẹ wá wo 235/75R15 tí wọ́n yọ lára jíìpù, tó sanra, tó dùn ún wò. 105 ló sábà máa ń wà lára tiẹ̀, ìyẹn kílò 925. Èyí tó tóbi ni agbára rẹ̀ kéré! Páálí bébà A4 kan, onídìí márùn-ún, wúwo tó kílò 12 àti ààbọ̀. Páálí 80 ti di tọ́ọ̀nù kan.

Táyà jíìpù yẹn fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdajì rẹ̀ ló máa gbé ọkọ̀ sókè, torí àárín táyà ni ọkọ̀ jókòó lé. Ìdajì kejì á máa wá àyè lábẹ́ fẹ́ńdà. Nítorí náà, ẹyọ kan ni mo máa ń kọ́kọ́ dè mọ́ iwájú. Màá fi ẹfun pa etí rẹ̀ yíká, màá ní kí onímọ́tò gun etí gọ́tà díẹ̀ kí síprìn lè wọlé, kó wá yí sitiárìn dópin, lọ́tùn-ún, lósì. Ibi tí ẹfun bá ti nù, ibẹ̀ ni táyà ti ń ha. Bó bá kan rọ́bà búréèkì, mi ò ní dè é, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san. Àwọn kan á ní ká fi irin ti táyà síta. Bẹ́ríǹ ló máa jìyà rẹ̀.

Torí pé táyà jíìpù yẹn ga, aago eré á máa purọ́: bó bá ka 80 lórí afárá Third Mainland, 88 lẹ ń sá, búréèkì àtijọ́ ló sì fẹ́ dá a dúró.

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008. Ìjọba fòfin de kíkó táyà àlòkù wọ̀lú, síbẹ̀ tòkúnbọ̀ kún ìgboro. Bó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ rà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT lára táyà: 2316 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Bó ti wù kó dán tó, ó ti gbó.

Ẹni tó bá gbà mí gbọ́, 195R15C ni mo máa ń bá a wá, pẹ̀lú rímù 15. Ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀, 106 náà ló sì wà lára rẹ̀. Owó tó bá kù, kó lọ fi tún síprìn ẹ̀yìn ṣe ní ọjà Ládípọ̀, torí síprìn tó ti rọ̀ ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ wọ́lẹ̀ nígbà tí bébà bá kún un.