Ogun Òmìnira Ilẹ̀ Àlgéríà: Ta Ni Òmìnira Náà Kàn?



Ní ọjọ́ kan tí a ń ka orúkọ àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá ní kíláàsì, a dé orí Al-Jazā'ir, ìyẹn Àlgéríà. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ogun ni wọ́n fi gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1962. Ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè, ó ní: “Àáfà, nígbà tí wọ́n gbà á tán, ṣé àwọn tí wọ́n ti tì sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ rí nínú rẹ̀?” Mo ní kí ó ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn. Ó ní àwọn obìnrin, àwọn tálákà, àti àwọn tí èdè wọn yàtọ̀. Mo rí i pé ọmọ yìí bèèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kì í bèèrè. Aago lù kí n tó dáhùn, mo sì ṣe ìlérí pé n ó kọ ìdáhùn náà sínú ìwé ọdọọdún wa.

Bí ìlú ṣe rí kí ogun tó dé

Àwọn ọmọ ogun Faransé gba ìlú Algiers ní ọdún 1830. Amir Abd al-Qadir bá wọn jà láti 1832 títí di 1847 kí agbára rẹ̀ tó pin. Lẹ́yìn náà ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ara ilẹ̀ Faransé gan-an ni Àlgéríà. Ẹnu lásán ni, nítorí òfin wọn kò mú gbogbo ènìyàn bákan náà. Òfin ọdún 1865 sọ pé ẹni abẹ́ ìjọba Faransé ni mùsùlùmí, ṣùgbọ́n kò lè ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ ní kíkún àfi bí ó bá kọ òfin ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún pípín àti ẹbí. Àwọn tó gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1870 wọ́n fún àwọn Yàhúdì Àlgéríà ní ẹ̀tọ́ náà lápapọ̀, mùsùlùmí sì wà níbi tó wà. Ní 1881 wọ́n tún gbé òfin kan jáde tó de mùsùlùmí nìkan, tí ó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n tàbí kí ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní bi òyìnbó sí.

Nígbà tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀ ní 1947, ìjókòó 120 ni ó ní. Ọgọ́ta jẹ́ ti àwọn òyìnbó àti ìwọ̀nba mùsùlùmí tí a kà mọ́ wọn, ọgọ́ta sì jẹ́ ti àwọn mùsùlùmí yòókù. Àwọn òyìnbó ń lọ sí mílíọ̀nù kan, àwọn mùsùlùmí sì tó mílíọ̀nù 8. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ fúnra yín ṣe é.

Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ yìí náà, àwọn kan tún wà ní ìsàlẹ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Gbogbo ọmọ ilé-kéwú ló mọ khamsa, ìyẹn àrún. Inú rẹ̀ ni orúkọ khammās ti wá, ẹni tó ń ro oko olóko, tó sì ń gba ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí oko bá mú wá. Ilẹ̀ tó dára jù ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn òyìnbó, nítorí náà irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ní ti ìwé kíkà, nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, nínú mùsùlùmí mẹ́wàá, ó ju mẹ́jọ lọ tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ti àwọn obìnrin tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ilé-kéwú, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa ni. Sheikh Abd al-Hamid ibn Badis ti ìlú Constantine àti àwọn àáfà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Mùsùlùmí Àlgéríà sílẹ̀ ní 1931. Wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé, wọ́n ń kọ́ni ní èdè Lárúbáwá àti ẹ̀sìn. Nínú ilé-ìwé tó wà ní Constantine, àwọn ọmọbìnrin kì í san owó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin tí òbí wọn lówó ń san. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn bàbá kò ní fẹ́ náwó lórí ọmọbìnrin. Ìjọba Faransé kò fẹ́ràn eléyìí. Ní 1938 wọ́n ṣe òfin tó ka èdè Lárúbáwá sí èdè àjèjì ní Àlgéríà, wọ́n sì ń ti ilé-kéwú tí kò bá gba ìwé àṣẹ. Sheikh náà kú ní 1940, ọdún 14 ṣáájú ogun. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kí ìbọn tó dún rárá ni àwọn kan ti ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn.

Nígbà tí ogun ń wá ọwọ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1954, ẹgbẹ́ FLN bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó gba ọdún 7 àti oṣù díẹ̀. Ìjọba Àlgéríà sọ pé mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn ni ó kú. Iye tí àwọn òpìtàn mìíràn fún un kéré sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó kéré.

Irú ogun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ogun nìkan. Ẹni tó ń sá sórí òkè ń fẹ́ oúnjẹ, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò di ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ jẹ́ fún un. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti wọlé. Ní Kasbah, àdúgbò àtijọ́ ìlú Algiers, àwọn sójà Faransé ń yẹ ara ọkùnrin wò ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ra láti fọwọ́ kan obìnrin tó fi haik, aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀, bo ara. Abẹ́ aṣọ yẹn ni ìwé, owó àti ìbọn ń gbà kọjá. Nígbà tí àwọn sójà fura, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mìíràn bọ́ haik sílẹ̀, wọ́n múra bí òyìnbó.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1956, mẹ́ta nínú wọn, Zohra Drif tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, Samia Lakhdari àti Djamila Bouhired, gbé bọ́ǹbù wọ àdúgbò àwọn òyìnbó. Méjì bú gbàmù ní ilé ìtajà oúnjẹ àti ohun mímu, ẹ̀kẹta kò bú. Àwọn tó kú àti àwọn tó fara pa kì í ṣe sójà. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. N kò ní fi èyí pa mọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ogun ọ̀hún ní ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ní ọwọ́ méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn sójà Faransé ń fi iná mànàmáná àti omi dá ènìyàn lóró nínú àhámọ́, tí wọ́n sì ń ju bọ́ǹbù sórí àwọn abúlé.

Ní 1957 wọ́n mú Djamila Bouhired, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Ariwo rẹ̀ kárí ayé. Ní Íjíbítì wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 1958, wọ́n sì yí ìdájọ́ ikú náà padà sí ẹ̀wọ̀n. 1962 ni ó tó jáde.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún ń dùn mí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1958, àwọn ológun Faransé ṣètò ìpàdé gbangba ní Algiers níbi tí àwọn obìnrin kan ti ṣí ìbòjú wọn kúrò níwájú èrò, wọ́n ní àwọn ń gbà wọ́n sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni obìnrin mùsùlùmí kọ́kọ́ dìbò. Ní 1959 òfin ìgbéyàwó tuntun jáde. Ọdún 128 ni wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé obìnrin wà ní ìlú! Ogun ló rán wọn létí. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí apá méjèèjì ń fà mọ́ra, nítorí pé wọ́n nílò wọn.

Àwọn ará oko kò rí irú ìfàmọ́ra bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má baà fún àwọn ajàjàgbara ní oúnjẹ, àwọn ọmọ ogun Faransé lé wọn kúrò ní abúlé, wọ́n kó wọn sínú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Wọ́n tó mílíọ̀nù 2. Oko di igbó, ẹran ọ̀sìn kú. Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ kò padà sílé mọ́. Ìlú ńlá ni wọ́n kó lọ. Bí ogun ṣe sọ àgbẹ̀ di ẹni tó ń wá iṣẹ́ kiri nìyẹn.

Lẹ́yìn tí àsíá ti gòkè

Ní 5 oṣù keje ọdún 1962, Àlgéríà di òmìnira. Ní ọdún náà, àwọn òyìnbó tó pọ̀ jù lọ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ, àwọn Yàhúdì náà bá wọn lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ oko gba oko tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ń ṣe é fúnra wọn, òfin oṣù kẹta 1963 sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi ní oko náà rí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nígbà ìkórè nìkan, tó sì jẹ́ tálákà jù, wà níta.

Ilé-ìwé ni ibi tí ìyípadà ti hàn jù lọ. Àwọn olùkọ́ wá láti Íjíbítì àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá mìíràn, ọmọ tálákà àti ọmọbìnrin jókòó sí kíláàsì. Lónìí, nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àlgéríà, obìnrin ju ọkùnrin lọ. N kò mọ ohun tó tún fi hàn ju èyí lọ pé ìgbà yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn mùjáhídù tí ìjọba ṣe. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 11,000, kò ju 3 nínú 100 lọ. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Obìnrin tó se oúnjẹ fún ogún ènìyàn ní òru, tó fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, tí kò mọ ìwé, ta ni yóò lọ bá a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ lè máa rò pé iṣẹ́ ilé lòun ṣe. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí àwọn wọ̀nyí dà pọ̀ ju ilẹ̀ tútù tí wọ́n tẹ̀ lọ.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1963 sọ pé ẹ̀tọ́ ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Ní 1981 ìjọba ń ṣe òfin ẹbí ní kọ̀rọ̀, àwọn obìnrin sì gbọ́. Àwọn mùjáhídáà tí irun wọn ti ń funfun jáde sí ìgboro Algiers pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́. Òfin náà jáde ní 1984. Ọ̀rọ̀ fíkìhì kọ́ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, àwọn àáfà wa tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tí wọ́n pè nígbà ogun ni wọn kò pè nígbà tí wọ́n ń kọ òfin. Ní 2005 wọ́n tún un ṣe: ọjọ́ orí ìgbéyàwó di 19 fún ọkùnrin àti obìnrin, bàbá sì gbọ́dọ̀ pèsè ilé fún ìyá tó ń tọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀.

Àwọn Amazigh, tí èdè wọn kì í ṣe Lárúbáwá, jà gidigidi lórí àwọn òkè Kabylia. Púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú ogun jẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn òmìnira, èdè Lárúbáwá nìkan ni ìjọba mọ̀. Ẹ rántí òfin 1938: ìyà tí wọ́n fi jẹ èdè Lárúbáwá ni àwọn ọlọ́rọ̀ tuntun yìí tún gbé lé èdè mìíràn lórí. Ní 1980, nígbà tí ìjọba fòfin de ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òǹkọ̀wé Mouloud Mammeri fẹ́ ṣe ní Tizi Ouzou, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Èdè Tamazight kò di èdè orílẹ̀-èdè títí di 2002, bẹ́ẹ̀ ni kò di èdè ìjọba títí di 2016, ọdún 54 lẹ́yìn òmìnira.

Àwọn kan sì wà tí ogun yìí ba ayé wọn jẹ́ pátápátá. Wọ́n ń pè wọ́n ní harki, mùsùlùmí tó gbé ìbọn fún Faransé. Ebi lé àwọn kan débẹ̀, wọ́n fi ipá mú àwọn kan, ẹ̀san ẹbí tí FLN pa ni àwọn mìíràn ń wá. Ní 1962 Faransé gba ìbọn wọn, ó fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Àwọn tó sá dé ilẹ̀ Faransé bá ara wọn nínú àgọ́, bíi ti Rivesaltes. 2021 ni olórí ilẹ̀ Faransé tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Nàìjíríà tiwa náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1961, nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí Faransé ń dán wò ní aṣálẹ̀ Àlgéríà, ìjọba wa lé aṣojú Faransé kúrò ní ìlú.

Ọmọ mi tó béèrè ìbéèrè, ìdáhùn rẹ nìyẹn: wọ́n rí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìbọn ló fún wọn ní gbogbo rẹ̀. Ní 2012, lẹ́yìn òfin tó ya ìjókòó sọ́tọ̀, obìnrin 146 wọ ilé aṣòfin tó ní ènìyàn 462. Wọ́n yí òfin náà padà. Ní 2021, obìnrin 34 péré ló wọlé nínú 407. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kìíní oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí èrò kún ìgboro Algiers láti sọ fún ààrẹ wọn pé kí ó má du ipò mọ́, ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn tó ń bá wọn rìn. Djamila Bouhired ni.