Ìwé Tó Sọnù, Tí Àbúrò Tún Kọ

Kúdẹtì ni David Hinderer, ajíhìnrere ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ibùdó lẹ́yìn tí wọ́n wọ Ìbàdàn ní 1853. Ní 1858, ìdílé kan láti Sàró wá bá wọn. Henry Johnson, baba ìdílé náà, jẹ́ ìran Ọ̀yọ́ tí ogun ti kó lẹ́rú. Ó padà sílẹ̀ Yorùbá láti bá ìjọ ṣiṣẹ́. Samuel ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjìlá nígbà náà. Òun ló wá kọ The History of the Yorubas. Ní 1897 ló parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde ní London, nígbà tó ti pé ogún ọdún tí òǹkọ̀wé ti kú.

Ilé Kúdẹtì yìí ló tọ́ Samuel dàgbà. Ojú rẹ̀ rí ìyàn tó mú nígbà ogun Ìjàyè. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, Bühler, ní Abẹ́òkúta, ó padà wá di olùkọ́ ní Ìbàdàn, ní Kúdẹtì àti Arẹ̀mọ. Nígbà tí ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì, le, òun ló mú ìwé Aláàfin Adéyẹmí lọ bá gómìnà Èkó ní 1881, pé kí ó bá wọn dá sí i. Ní 1886, òun àti pásítọ̀ Charles Phillips ni gómìnà rán sáàárín àwọn ológun, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ẹni tó ti jókòó ti Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, tó ti dé àgọ́ Èkìtì, kò ní í gbọ́ ìtàn bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́.

Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn Gíríìsì, Róòmù àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì mọ ti baba wọn. Ó bá lọ jókòó ti àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́. Ó gbọ́ tẹnu Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀ sí òpìtàn. Ó gbọ́ ti David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, àti ti Josiah Òní, oníṣòwò tó ti rin ilẹ̀ yìí já. Ìgbà tó di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ ló kọ gbogbo rẹ̀ parí.

Ní 1899 ó fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan. Kò gbúròó. Ní 1900, Obadiah àbúrò rẹ̀, dókítà tó gboyè ní Edinburgh, wà lọ́hùn-ún, ó sì lọ bèèrè. Òǹtẹ̀wé ní òun kò mọ ibi tó wọlé sí, àmọ́ òun ṣe tán láti sanwó rẹ̀. Èló ni èèyàn fẹ́ gbà dípò ohùn àwọn àgbà tí ikú ń mú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ní oṣù April 1901, Samuel náà kú.

Ohun tó kù ni àwọn àkọsílẹ̀ àti àdàkọ tí Samuel kò dà nù. Obadiah gbé wọn kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà kọ. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, ìwọ̀nba àyè tó bá rí ló fi ń ṣe é. Ibí yìí ni mo ti rò pé a kò tíì yin Obadiah tó. Èrò jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí dókítà jókòó ti àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó má sì sọ ọ́ di tara rẹ̀, ìfẹ́ ńlá ni.

Ìyọnu kò tíì tán. Ní January 1916, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, ó fi ìwé náà sínú ọkọ̀ Appam tó ń lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Möwe, ọkọ̀ ogun Jámánì, mú Appam lójú agbami. Gómìnà Sàró wà lára àwọn èrò inú rẹ̀. Wọ́n ti rò pé ọkọ̀ náà rì ni, kó tó yọ ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù February, tó jẹ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì ló ń tù ú. Bí ìtàn Ọ̀rànmíyàn àti Ṣàngó, ti Kúrunmí àti Ògúnmọ́lá, ṣe di ìkógun Jámánì nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó dọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Ìgbà tó fi dé, bébà ti gbówó lórí, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ogun.

Obadiah kú ní 1920. Ní ọdún kejì, Routledge tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lé ní ẹgbẹ̀ta ojú ewé. Orúkọ Samuel wà níwájú bí òǹkọ̀wé, ti Obadiah wà gẹ́gẹ́ bí olóòtú. Hinderer ti Kúdẹtì ni wọ́n fi í sọrí.

Àwọn òpìtàn ìgbà wa ti sọ pé ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo gbogbo Yorùbá, pé kò fún Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ní ẹ̀tọ́ wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀, àwọn tó ń bá a jiyàn gan-an, inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ. Bí àwọn ìdílé bá sì ń du oyè ní Ìbàdàn, kò ṣọ̀wọ́n kí lọ́yà gbé ìwé náà wá síwájú adájọ́.