Ẹ Bá Mi Gbé E Rù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi láyé ọjọ́un á rántí pé mo fẹ́ràn láti máa fi "gbé ẹrù ru Òjó" ṣe àpẹẹrẹ. Gírámà lásán lẹ rò pé ó jẹ́. Lónìí, ẹrù yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìlú òkè ni Ọ̀kà tí wọ́n ti bí mi. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ọ̀kà mọ̀ pé bí èèyàn ò bá gun nǹkan, á sọ̀ kalẹ̀ lára nǹkan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí làwọn ìyá wa fi ń ru iṣu, igi ìdáná àti omi. Wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. A ti sọ òwe yìí di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò bó ṣe rí. Obìnrin tó dá wà lóko lè di agbọ̀n iṣu kó kún dẹ́múdẹ́mú, ó sì lè rù ú rìn fún wákàtí kan. Ohun tí ò lè dá ṣe ni kó gbé e láti ilẹ̀ dé orí. Á wà níbẹ̀ ni, á máa wo ọ̀nà, títí ẹnì kan á fi kọjá.

Ẹni yòówù tó bá kọjá náà nìyẹn. Kò ní béèrè pé ọmọ ta ni ọ́. Obìnrin náà á fi òṣùká lé orí, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì á gbá etí agbọ̀n mú, wọ́n á gbé e dé orúnkún, wọ́n á mí díẹ̀, ó di orí. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ yára yọwọ́. Àfi kí ẹlẹ́rù sọ pé "Ó ti gún." Bó bá yọwọ́ ṣáájú, ọrùn lè yí. Fún ìṣẹ́jú yẹn, ọrùn ẹni tó ò mọ̀ rí wà lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, "Ẹ ṣeun o, ẹrù wíwúwo kò ní jẹ́ tiyín," kóówá sì bá tirẹ̀ lọ. Tó bá délé, ẹlòmíràn pátápátá ni yóò sọ̀ ọ́.

N. A. Fadipe, nínú iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí wọ́n wá tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970, kọ nípa àárò àti ọ̀wẹ̀. Àwọn yẹn ní òfin: o bá mi roko lónìí, mo bá ọ ro tìrẹ lọ́jọ́ mìíràn, tàbí kí o bọ́ àwọn tó wá bá ọ ṣiṣẹ́. Ẹrù gbígbé runi ò ní irú èyí. Kò sí bí o ṣe fẹ́ san án padà, torí o ò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹlòmíràn lo máa ṣe é fún. Lójú tèmi, èyí ló jẹ́ kó yàtọ̀, àwa onímọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ nípa rẹ̀ torí pé kò ní orúkọ bí àárò.

Ní ọjà Ìkàrẹ́ ni mo ti rí i pé kò tilẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ ẹnu. Lápá àríwá Àkókó, àwọn èdè wà tí kì í ṣe Yorùbá bíi tiwa: àwọn ará Àrígìdì ní tiwọn, àwọn tó ń sọ Akpes wà, àwọn tó ń sọ Ukaan náà wà. Gbogbo wọn ló ń ná Ìkàrẹ́. Màmá kan á kàn dúró ti ẹrù rẹ̀, á gbójú sókè wò ọ́, á fọwọ́ kan orí. Ó tán.

Ní báyìí, ọ̀kadà ló ń gbé agbọ̀n iṣu, inú rere ni mo sì fi sọ ọ́, ọrùn àwọn ìyá wa ti jìyà tó. Ṣùgbọ́n owó lèèyàn ń san fún ọlọ́kadà, kò sídìí láti wo ojú ẹni tó ń kọjá. Ìbẹ̀rù tún wọlé. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ti ba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́ jẹ́. Awakọ̀ tó ń dúró fún ẹni tó dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tẹ́lẹ̀, iná ló ń tẹ̀ báyìí. N ò dá a lẹ́bi.

Kí n má parọ́, èmi náà ṣe é. Lóṣù tó kọjá, mo ra iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo kan ní Ìkàrẹ́. Ọmọkùnrin kan sún mọ́ mi: "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Mo ní, "Rárá, o ṣeun," ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti lọ sí àpò kí n tó sọ ọ́, ó sì rí i. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì yà kúrò lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ẹrù kalẹ̀ kí n tó dé gáráàjì.

Nígbà tí mọ́tò wa gba Àkùngbá dé Ọ̀kà, kí n tó na ẹsẹ̀ tán, obìnrin tó jókòó lẹ́yìn ti bọ́ sílẹ̀, ó ti gbé iṣu àti epo mi sí ẹ̀gbẹ́ títì. "Mo ti bá yín sọ̀ ọ́, bàbá." Ó tún wọlé, mọ́tò lọ. N ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú ọmọkùnrin Ìkàrẹ́ yẹn ni mo ń rí títí mo fi délé.