Ta ló ni orin Sholay? Ẹ má dárúkọ Dharmendra o!

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí iyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà tó dàgbà sí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹ ṣáà bi wọ́n pé orin inú fíìmù Íńdíà wo ló dùn jù. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá Bọ́ńdírì lọ sílé sinimá Roxy l'Ápápá láyé 1970 sí 1980 ò gbọ́ Híńdì kankan, síbẹ̀ wọ́n á kọ orin náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á tún máa mi orí bí ọmọ Íńdíà gidi.

Ká ní wọ́n gbé àpótí ìbò síwájú wọn lónìí, Sholay tó jáde lọ́dún 1975 ni ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ka fún. Orin ọ̀rẹ́ méjì tí Dharmendra àti Amitabh Bachchan kọ lórí alùpùpù, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Àmọ́ ẹ̀tàn wà níbẹ̀ o! Kò sẹ́ni tó kọrin nínú àwọn méjèèjì. Kishore Kumar àti Manna Dey ló kọ ọ́ ní stúdíò, àwọn òṣèré kàn ń la ẹnu tẹ̀lé e ni. Ẹni tó ṣe orin náà gan-an, Rahul Dev Burman tí wọ́n ń pè ní Pancham, ọmọ Calcutta tí wọ́n bí lọ́dún 1939, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà lé e lórí yìí ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Àwọn mìíràn á ní irọ́ ni, Yaadon Ki Baaraat ti 1973 ló yẹ kó wọlé. Wọ́n sì rí nǹkan sọ. Ikú òbí tú ọmọ ìyá mẹ́ta ká nínú fíìmù náà, orin tí wọ́n jọ ń kọ nílé ni wọ́n fi dá ara wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà. Yorùbá tó mọ oríkì ilé ẹ̀ ò lè jiyàn ìyẹn. Inú fíìmù yìí kan náà ni Burman ti fi ṣíbí lu gíláàsì láti fi bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tó kan Sholay, ẹnu ìgò ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Àwọn tó yan Hare Rama Hare Krishna ti 1971 náà wà, bóyá torí orin ni o, bóyá torí Zeenat Aman ni, Ọlọ́run ló mọ̀.

Àwọn tó ń pín àmì-ẹ̀yẹ Filmfare ò rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1974, Yaadon Ki Baaraat wà lára àwọn tó du ú, ṣùgbọ́n bàbá tó bí Burman lọ́mọ, S. D. Burman, ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú Abhimaan. Sholay náà dé, Julie tí Rajesh Roshan ṣe orin ẹ̀ ló gbé e lọ. Ó di 1983 kí wọ́n tó fún un, torí Sanam Teri Kasam, Masoom sì tún gbà á fún un lọ́dún kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan dojú rú. Àwọn fíìmù tó ṣe orin fún ń já kulẹ̀, àwọn tó ń náwó sí fíìmù bá gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, àìsàn ọkàn náà sì tún kọlù ú. Bó ṣe wà nìyẹn tó fi ṣe orin 1942: A Love Story. Ó kú lọ́jọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1994, lẹ́ni ọdún 54. Fíìmù náà jáde lẹ́yìn ikú ẹ̀, orin ẹ̀ gba ìgboro, àmì-ẹ̀yẹ kẹta sì dé lọ́dún 1995, nígbà tí olówó ẹ̀ ò sí láyé mọ́.

Fíìmù yẹn ò ní rí ìbò púpọ̀ l'Ájégúnlẹ̀. Kó tó jáde, fídíò ti lé èèyàn kúrò nílé sinimá, àwọn tó ń kọrin Sholay lọ sílé lóru sì ti di bàbá ọmọ, owó ilé ìwé ni wọ́n ń wá kiri.