Bí Jagunjagun Ìrè Ṣe Di Baba Àwọn Oníṣẹ́ Irin

Òjò ló dá mi dúró ní Ṣàngó Ọ̀tà lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo yà sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí afárá, níbi tí àwọn ọmọdé ti máa ń sanwó gbá géèmù. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin apárí kan tí ara rẹ̀ funfun bí eérú ń rìn nínú yìnyín, àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọrun àti ọfà. Àwọn ọmọ méjì tó di páàdì mú ń pariwo orúkọ ọkùnrin náà: Kratos!

Bàbá alágbẹ̀dẹ kan tí àrọ rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ ti sá wọlé nítorí òjò yẹn kan náà. Ó wo àwòrán yẹn títí, ó wá béèrè ohun tí ọkùnrin yìí ṣe tí ojú rẹ̀ fi korò tó bẹ́ẹ̀. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà dáhùn láì wẹ̀yìn: "Bàbá, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ rí. Kò mọ̀ pé àwọn ni. Ó wá sá lọ sí ìlú mìíràn, ó fẹ́ ìyàwó, ó bí èyí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọmọ náà mọ ohun tí òun ti ṣe."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ògún Onírè lẹ ń sọ yẹn. Orúkọ nìkan lẹ pààrọ̀."

Ọmọ náà wá yíjú padà. "Ògún wo, bàbá? Ṣé ti Ìpínlẹ̀ Ògùn?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá kàn wò mí bí ẹni pé èmi ló yẹ kí n dáhùn.

Ìdáhùn rẹ̀ kúrú. Odò Ògùn ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976. Àmì ohùn ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Ògún, òrìṣà irin. Ìbéèrè tó wà lójú bàbá ló le: báwo ni jagunjagun tó pa àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe di ẹni tí alágbẹ̀dẹ, awakọ̀, mẹkáníìkì àti àwọn tó ń yọ́ irin ní Ọ̀tà ń pè ní baba?

Kí n kọ́kọ́ sọ ti òyìnbó. Ọdún 2005 ni géèmù God of War kọ́kọ́ jáde fún PlayStation 2. Ares, òrìṣà ogun àwọn ará Gíríìsì, ni Kratos ń sìn nínú rẹ̀. Ares tàn án wọ tẹ́ńpìlì kan, ó sì pa gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀, àfi ìgbà tó rí i pé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára wọn. Eérú wọn lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò ṣí kúrò mọ́. Nínú èyí tó jáde ní 2018, ó ti di bàbá Atreus, ó ń gbé inú igbó níbi òtútù, ó sì ti ri idà rẹ̀ àtijọ́ mọ́ abẹ́ ilé. Àìsàn kọ lu ọmọ yìí, ó sì di dandan kí bàbá rẹ̀ hú idà náà kó tó lè rí oògùn. Ohun tó fa àìsàn ọ̀hún ni pé ọmọ náà kò mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Bàbá rẹ̀ kò sọ fún un.

Tiwa ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962. Nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sáyé, igbó dí wọn lọ́nà. Ada òjé tí Òrìṣà-Ńlá mú dání ká. Ada Ògún nìkan ló la ọ̀nà. Wọ́n fi oyè dá a lọ́lá, ṣùgbọ́n ọdẹ àti ogun ló wù ú, ó sì lọ ń dá gbé lórí òkè. Ọjọ́ tó sú u tó sọ̀ kalẹ̀, iná àti ẹ̀jẹ̀ ló fi ṣe aṣọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á sílé. Ìgbà yẹn ló tọrọ màrìwò lára ọ̀pẹ, ó fi bora, ó sì forí lé Ìrè ní Èkìtì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìjà wà. Nígbà tí mo padà lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ lọ́sẹ̀ kejì, mo bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ akẹ́rù. Mo bi wọ́n léèrè Ògún, n kò sì rí àyè sọ̀rọ̀ mọ́ fún wákàtí méjì.

"Àlejò ni Ògún ní Ìrè," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó rí ẹmu, ó yà. Ilé-Ifẹ̀ ni ilé rẹ̀. Òkè-Mọ̀gún ńkọ́, níbi tí Ọọ̀ni ń lọ lọ́dún Ọlọ́jọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba tiwa jẹ́," ni awakọ̀ dáhùn. "Àlejò wo ló ń fi ọmọ rẹ̀ jọba ní ìlú onílùú? Ògún ló fi ọmọ rẹ̀ jẹ Onírè kó tó padà sójú ogun. Ó pẹ́ lóhùn-ún. Ọjọ́ tó máa wálé, ìlú ń ṣe orò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn níbẹ̀. Ó kí wọn, wọn ò dá a lóhùn. Ó béèrè oúnjẹ, wọ́n ń wò ó. Ó rí akèrègbè ẹmu tí wọ́n tò sílẹ̀. Ó gbé èkíní, òfìfo ni. Ó gbé èkejì, òfìfo ni. Ó ní wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó fa idà yọ."

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ," ni alágbẹ̀dẹ tún wí, ó ti fi ọmọ owú sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ ìlú rẹ̀ ni, ṣé kò ní mọ orò ìlú rẹ̀?"

Awakọ̀ dákẹ́ díẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé. "Ogun ló sọ ọ́ dàlejò nílé ara rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ lójú ogun, bó bá dé, ilé kì í dá a mọ̀, òun náà kì í dá ilé mọ̀."

Ẹ̀yinná ti di eérú nínú àrọ kí àwọn méjèèjì tó fohùn ṣọ̀kan lórí ìyókù. Nígbà tí orò parí, tí ẹnu ìlú là, wọ́n gbé ajá, ìgbín, epo àti ẹmu wá, wọ́n ń ki Ògún, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi fọhùn. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó wo òkú tó wà nílẹ̀, ó rí i pé àwọn ènìyàn òun ni. Ó fi idà gúnlẹ̀, ó sì bá idà náà wọlẹ̀ lọ.

"Látọjọ́ náà," ni bàbá alágbẹ̀dẹ wí, "irin kì í ṣe ti ogun nìkan mọ́. Èyí tó wọlẹ̀ bí idà, bí ọkọ́ ló ṣe jáde. Màrìwò tí o ń rí lẹ́nu àrọ àti níwájú mọ́tò, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Aṣọ ẹni tó bọ́ ẹ̀wù ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni."

Bí òrìṣà ogun ṣe di ti oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, lójú àwọn tó ń lo irin. Ọdẹ, olóólà, onígbàjámọ̀, awakọ̀, gbogbo wọn wọ abẹ́ rẹ̀. Ní kóòtù, irin ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra. Òwò ẹrú gbé e kọjá òkun. Ogum ni wọ́n ń pè é ní Brazil, wọ́n sì ń bọ ọ́ ní Cuba pẹ̀lú. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, fi Ògún ṣe òrìṣà tirẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ Ìrè sínú ewì gígùn kan tó jáde ní 1967. Ọ̀tà yìí náà ni Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wá dáko sí nígbà tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ní 1979. Irin kan náà ni wọ́n fi ń rọ ìbọn àti ọkọ́.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń yọ́ irin ní Ọ̀tà, tọ̀sán tòru. Àlòkù mọ́tò, páànù àti ìkòkò tó ti fọ́ ń dé inú ọkọ̀ ńlá, wọ́n ń di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Bàbá ní ojú òun ló ṣe nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá kan wọ ilé iṣẹ́ ládùúgbò, tí àwọn àgbà ta epo sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kì í fi í gbé ada lé ẹni tí inú ń bí lọ́wọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ta epo níbẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń kìlọ̀. Àáké tí wọ́n rọ fún igi ni ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn fi ń lé ọmọ ẹlòmíràn kiri. Mo gba bàbá gbọ́ pé ohun tó sọnù kì í ṣe epo. Ìdajì ìtàn náà ló sọnù. A fi idà Ògún han àwọn ọmọ wa, a kò sọ fún wọn pé ó kábàámọ̀, pé ó fi idà náà gúnlẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ ló pa àwọn ará Ìrè. Ìdákẹ́jẹ́ ló dá ọmọ Kratos dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́ ní Ṣàngó, ní Ìyànà-Ìyẹsí, ní òpópónà Ìdírókò, ẹ jókòó ti ọmọ yín nídìí géèmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ti Ògún fún un títí dópin. Bí ohun kan bá sì wà tí ẹ ṣe ní ìgbà èwe, tí ẹ kò fẹ́ kí ọmọ yín tún ṣe, ẹ la ẹnu, ẹ sọ ọ́ fún un kí ó tó di idà.